Láti Ìdí Ẹṣin dé Ìdí Ìtẹ́: Ìtàn Orúkọ Marshall

Àwọn àgbà wa wí pé ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Wọ́n tún wí pé orúkọ ọmọ ni ìjánu ọmọ. Inú òwe kejì yìí ni mo fẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lónìí, nítorí pé ọ̀rọ̀ ẹṣin ni mo mú wá. Bí ìjánu ti ń darí ẹṣin, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń darí ẹni tí ń jẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n kí ni a ó ṣe sí orúkọ tí ó ń ránni létí pé ìránṣẹ́ ààfin ni baba ńlá ẹni? Ṣé kí a bò ó mọ́lẹ̀ ni, àbí kí a gbé e sókè?

Ìbéèrè yìí ti wọ inú àwọn ìdílé kan láàárín wa, ó sì ti wọ inú ìdílé tèmi náà. Kí n tó dé orí ìyẹn, ẹ jẹ́ kí n sọ ìtàn orúkọ kan tí kì í ṣe tiwa, orúkọ ìdílé kan láàárín àwọn Gẹ̀ẹ́sì tí iṣẹ́ ọwọ́ ni ó bí i. Marshall ni orúkọ náà. Ẹni tí ó bá mọ ibi tí orúkọ yìí ti ṣẹ̀ wá, tí ó sì mọ ibi tí ó dé, kò ní yára tijú iṣẹ́ baba rẹ̀ mọ́.

Èdè Faransé ni ó kọ́kọ́ mú mi pàdé ọ̀rọ̀ náà. Nígbà tí mo wà ní ọmọdé ní Ṣábẹ, kò sí ọmọ tí kò mọ "maréchal des logis", nítorí pé oyè àwọn gendarme ni. Bí ọ̀kan nínú wọn bá wọ ọjà pẹ̀lú fìlà àti bàtà dídán, gbogbo ènìyàn a yà fún un. Ní ilé ẹ̀kọ́, a tún gbọ́ nípa àwọn maréchal ilẹ̀ Faransé, àwọn ọ̀gágun bíi Joffre àti Foch tí wọ́n ja ogun ńlá ti ọdún 1914 sí 1918. Ó dá mi lójú nígbà náà pé láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀, ọ̀rọ̀ agbára ni ọ̀rọ̀ yìí.

Ó di ìgbà tí mo dé Université nationale du Bénin ní Abomey-Calavi kí olùkọ́ kan tí ń kọ́ wa ní ìtàn èdè Faransé tó là wá lójú. Ó bi wá léèrè pé, kí ló dé tí àwọn Faransé fi ń pe alágbẹ̀dẹ tí ń kan irin mọ́ pátákò ẹṣin ní "maréchal-ferrant", tí wọ́n sì tún ń pe ọ̀gágun tí ó ga jù lọ ní "maréchal"? Báwo ni alágbẹ̀dẹ àti ọ̀gágun ṣe ń jẹ́ orúkọ kan náà? Kíláàsì dákẹ́ rọ́rọ́. Kò sí ẹni tí ó rí i dáhùn nínú wa.

Ìdáhùn rẹ̀ nìyí. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti Faransé láti ìpilẹ̀ṣẹ̀. Àwọn Frank ni wọ́n ni ín, ẹ̀yà kan nínú àwọn ará Jámánì ìgbàanì tí wọ́n gba ilẹ̀ tí à ń pè ní Faransé lónìí, tí wọ́n sì fi orúkọ wọn sílẹ̀ fún un. Ọ̀rọ̀ méjì ni wọ́n so pọ̀. Èkínní ni "marh", èyí tí í ṣe ẹṣin. Ìbátan rẹ̀ ni "mare" tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pe abo ẹṣin títí di òní. Èkejì ni "skalk", èyí tí í ṣe ìránṣẹ́ tàbí ẹrú. Nítorí náà, ìránṣẹ́ ẹṣin ni maréchal, ẹni tí ń gé koríko, tí ń pọn omi, tí ń wẹ ẹṣin, tí ń wo ọgbẹ́ rẹ̀ sàn, tí ó sì ń tún pátákò rẹ̀ ṣe. Nínú òfin àwọn Frank tí à ń pè ní Lex Salica, èyí tí ìpilẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ti lé ní 1,500 ọdún, a rí i láàárín àwọn ẹrú oníṣẹ́ ọwọ́, pẹ̀lú alágbẹ̀dẹ irin àti alágbẹ̀dẹ wúrà. Òfin náà sọ iye tí ènìyàn yóò san bí ó bá jí i tàbí bí ó bá pa á. Nǹkan olówó iyebíye ni, ṣùgbọ́n ohun ìní ẹlòmíràn ni.

Báwo wá ni ẹrú ṣe di ìjòyè? Ní ayé ìgbà náà, ẹṣin ni agbára ọba. Òun ni ọba fi ń jagun, òun ni ó fi ń rìn ká ilẹ̀ rẹ̀, òun ni àwọn oníṣẹ́ rẹ̀ fi ń jíṣẹ́. Ọba tí ẹṣin rẹ̀ bá ṣàìsàn ní ọjọ́ ogun, ẹsẹ̀ ni yóò fi sá. Ẹni tí ó mọ oúnjẹ ẹṣin, tí ó mọ àrùn rẹ̀, tí ó mọ èyí tí ó lè gbé ọba dé ilé ní àlàáfíà, kì í ṣe ẹni tí ọba lè fojú di. Ó ń rí ọba ní òwúrọ̀ àti ní alẹ́. Ó ń bá a lọ sí ogun. Ó ń gbọ́ ohun tí ọba ń sọ nígbà tí àwọn ìjòyè kò sí nítòsí. Ẹni tí ó bá mọ ààfin láàárín wa kò ní nílò àlàyé púpọ̀ lórí èyí. Ní Ọ̀yọ́ àtijọ́, ìránṣẹ́ ni àwọn ìlàrí, síbẹ̀ ìlú a máa gbọ̀n bí ìlàrí tí Aláàfin rán níṣẹ́ bá wọlé dé. Ìsúnmọ́ ọba ni ó fún wọn ní ọlá, kì í ṣe ìbí.

Nígbà tí William, olórí ilẹ̀ Normandy, ṣẹ́gun àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 1066, ó kó èdè Faransé àti ètò ààfin rẹ̀ kọjá òkun. Bẹ́ẹ̀ ni "mareschal" ṣe wọ èdè Gẹ̀ẹ́sì. Ìwé kan wà tí a kọ ní nǹkan bí ọdún 1136 tí ó to gbogbo àwọn òṣìṣẹ́ ààfin Ọba Henry Kìíní lẹ́sẹẹsẹ, pẹ̀lú búrẹ́dì, wáìnì àti àbẹ́là tí ó tọ́ sí olúkúlùkù. Èmi tí mo lo ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo gbọ́ nípa ìwé náà, nítorí pé bí ìwé ètò owó oṣù ni ó rí lójú mi. Olórí maréchal wà nínú rẹ̀, a sì kọ orúkọ rẹ̀ síbẹ̀: John. Iṣẹ́ rẹ̀ ti kọjá ti ẹṣin nígbà náà, nítorí òun ni ó ń tọ́jú àmì ìṣirò lórí ohun tí ọba bá fi tọrẹ láti inú ilé ìṣúra.

John yìí kò ṣàdédé dé ibẹ̀. Gilbert, bàbá rẹ̀, ni ó ti ń ṣe iṣẹ́ náà ṣáájú rẹ̀. Àwọn méjì kan dìde pé àwọn ni iṣẹ́ náà tọ́ sí; ẹjọ́ dé iwájú ọba, Gilbert àti ọmọ rẹ̀ sì borí. Nígbà tí Gilbert kú ní nǹkan bí ọdún 1130, John gba ipò bàbá rẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dúró díẹ̀ síbí yìí, nítorí ibẹ̀ gan-an ni orúkọ ìdílé ti bẹ̀rẹ̀. Bí ènìyàn kan bá ń ṣe iṣẹ́, orúkọ iṣẹ́ lásán ni. Ṣùgbọ́n bí ọmọ bá ti ń jogún iṣẹ́ náà lọ́wọ́ bàbá, kò ní pẹ́ tí àwọn ará ìlú yóò fi máa fi orúkọ iṣẹ́ náà pe gbogbo ọmọ ilé, títí kan èyí tí kò fọwọ́ kan ẹṣin rí.

Ọmọ John kan ni ó sọ orúkọ náà di ńlá. William ni orúkọ rẹ̀, a sì bí i ní nǹkan bí ọdún 1147. Ìjà ìtẹ́ ń lọ lọ́wọ́ nígbà náà láàárín Ọba Stephen àti Matilda, ọmọbìnrin Ọba Henry Kìíní. John wà lẹ́yìn Matilda. Ní ọdún 1152, Stephen dó ti odi John ní Newbury, John sì fi William kékeré ṣe ohun ìdógò kí ọba lè fún un ní àyè díẹ̀. Ọmọ náà kò ju bí ọdún márùn-ún tàbí mẹ́fà lọ. John da àdéhùn náà. Ó lo àyè tí ó gbà láti kó oúnjẹ àti ọmọ ogun wọ inú odi. Wọ́n ránṣẹ́ sí i pé a ó so ọmọ rẹ̀ kọ́. Ìtàn ìgbésí ayé William, èyí tí a kọ ní èdè Faransé láìpẹ́ lẹ́yìn ikú rẹ̀, sọ pé bàbá náà fèsì pé irinṣẹ́ tí òun fi rọ èyí ṣì wà lọ́wọ́ òun, òun yóò sì rọ ọmọ mìíràn tí ó sàn jù ú lọ. Wọ́n mú ọmọ náà lọ sí ìdí igi. Àánú rẹ̀ ṣe Stephen, kò sì pa á.

Ọmọ tí a kò kà sí yìí kò ní ilẹ̀, kò ní owó, nítorí pé àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni ogún tọ́ sí. Ẹṣin nìkan ni ó mọ̀. Wọ́n rán an lọ sí ọ̀dọ̀ ìbátan kan ní Normandy láti kọ́ iṣẹ́ jagunjagun orí ẹṣin. Lẹ́yìn náà ni ó bẹ̀rẹ̀ sí í lọ sí àwọn ìdíje ìjà lórí ẹṣin tí wọ́n ń ṣe káàkiri ilẹ̀ Faransé. Ẹni tí a bá ṣẹ́gun níbẹ̀ yóò fi ẹṣin rẹ̀ sílẹ̀, yóò sì san owó ìràpadà. William kó ẹṣin bí ẹni kórè àgbàdo. Òkìkí rẹ̀ dé ààfin, wọ́n sì fi í ti ọmọ ọba, Henry kékeré, kí ó máa kọ́ ọ ní ìjà. Nígbà tí ọmọ ọba náà kú ní ọdún 1183, William lọ sí ilẹ̀ Jerúsálẹ́mù nítorí ẹ̀jẹ́ tí olóògbé náà kò lè san. Ó padà wá sin Ọba Henry Kejì, lẹ́yìn rẹ̀ ó sin Richard, lẹ́yìn Richard ó sin John.

Ní ọdún 1189, ó fẹ́ Isabel de Clare, arólé obìnrin tí ó ní ilẹ̀ púpọ̀ ní Wales àti ní Ireland. Ní ọdún 1194, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ó jogún iṣẹ́ ààfin kú, oyè ìdílé sì bọ́ sí i lọ́wọ́. Ní ọdún 1199, Ọba John fi í jẹ Earl ti Pembroke. Orúkọ rẹ̀ wà nínú Magna Carta ti ọdún 1215, láàárín àwọn olùdámọ̀ràn ọba. Síbẹ̀, iṣẹ́ tí ó tóbi jù nínú ayé rẹ̀ kò tíì dé.

Ọba John kú ní oṣù kẹwàá ọdún 1216. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni àrólé rẹ̀, Henry Kẹta. Louis, ọmọ ọba Faransé, ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìjòyè Gẹ̀ẹ́sì sì ti tẹ̀ lé e. Ta ni yóò di ilẹ̀ mú fún ọmọdé? William ni wọ́n yàn. Ó ti tó ẹni àádọ́rin ọdún. Òun ni ó di adelé ọba. Ní ọjọ́ 20 oṣù karùn-ún ọdún 1217, baba arúgbó yìí gun ẹṣin fúnra rẹ̀ wọ ìlú Lincoln, ó sì ṣẹ́gun. Ó tún Magna Carta gbé jáde ní ọdún 1216 àti 1217, ó sì fi èdìdì tirẹ̀ sí i, nítorí pé ọba kékeré náà kò tíì ní èdìdì. Ó kú ní ọjọ́ 14 oṣù karùn-ún ọdún 1219 ní Caversham. Wọ́n sin ín sí ṣọ́ọ̀ṣì Temple ní Lọ́ńdọ̀nù, ère òkúta rẹ̀ tí ó sùn gbalaja sì wà níbẹ̀ di òní olónìí.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọkàn bá mi lọ sí Ọ̀yọ́ ní ìṣẹ́jú kan. Ní ààfin Aláàfin, oyè kan wà tí à ń pè ní Olókùn-ẹṣin, ẹni tí okùn ẹṣin ọba wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ìtumọ̀ oyè náà àti ti maréchal kò jìnnà síra. Ṣùgbọ́n ẹ wo bí ọ̀nà wọn ti yà. Ní Ọ̀yọ́, àṣà ni pé bí ọba bá wàjà, Olókùn-ẹṣin ní láti bá a lọ. Òun ni Wole Soyinka gbé eré rẹ̀ ti ọdún 1975 kà, èyí tí ọ̀pọ̀ nínú yín mọ̀. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọba kú, olùtọ́jú ẹṣin sì ní láti wà láàyè kí ìtẹ́ má baà bọ́. Ọ̀kan fi ikú fi hàn pé òun jẹ́ olóòótọ́, èkejì fi ìyè fi hàn. N kò sọ pé ọ̀kan sàn ju èkejì lọ. Olúkúlùkù pẹ̀lú ohun tí àwọn ènìyàn rẹ̀ gbà gbọ́ nípa ọba. Ohun tí mo rí dì mú ni pé, ní ìlú méjèèjì, ọwọ́ ẹni tí ó di okùn ẹṣin mú ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ tí ó wúwo jù sí.

William bí ọmọkùnrin márùn-ún: William, Richard, Gilbert, Walter àti Anselm. Gbogbo wọn ni wọ́n jogún ní tẹ̀lé-ń-tẹ̀lé, kò sì sí ọ̀kan tí ó fi ọmọ sílẹ̀ tí ó lè jogún rẹ̀. Richard kú sí ogun ní Ireland ní ọdún 1234. Ní ọdún 1241, ẹṣin Gilbert ya ìjánu mọ́ ọn lọ́wọ́ níbi ìdíje, ó ṣubú, ó sì kú. Ẹ wo bí ayé ti rí: ẹṣin tí ó gbé ìdílé dìde ni ó gbé ọmọ ìdílé ṣubú. Walter àti Anselm kú láàárín oṣù kan síra wọn ní òpin ọdún 1245. Matthew Paris, mọ́ńkì tí ń kọ ìtàn ìgbà náà, sọ pé èpè bíṣọ́ọ̀bù kan ní Ireland, tí William gba ilẹ̀ rẹ̀, ni ó jà. Èpè ni o, àyànmọ́ ni o, ìlà ọkùnrin ìdílé náà parí.

Oyè náà kò parí. Ó gba ọwọ́ Maud, àkọ́bí obìnrin William, bọ́ sí ọwọ́ àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì kúrò ní ìdílé kan dé òmíràn títí ó fi dé ọ̀dọ̀ àwọn Howard, tí í ṣe Duke ti Norfolk. Ní ọdún 1672 ni a fìdí rẹ̀ múlẹ̀ fún wọn pé kí ó máa jẹ́ ogún. Earl Marshal ni orúkọ rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ wo ìsìnkú Ọbabìnrin Elizabeth Kejì ní tẹlifíṣọ̀n ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2022, àti ìwúyè Ọba Charles Kẹta ní ọjọ́ 6 oṣù karùn-ún ọdún 2023, iṣẹ́ ọwọ́ Earl Marshal ni ẹ wò. Òun ni ó ṣètò ibi tí olúkúlùkù yóò dúró àti ìgbà tí yóò rìn. Nínú orúkọ oyè rẹ̀, ẹrú tí ń gé koríko fún ẹṣin ṣì wà níbẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé gbogbo ẹni tí ń jẹ́ Marshall ni ọmọ William. Rárá o. Níwọ̀n bí ìlà ọkùnrin rẹ̀ ti parí ní ọdún 1245, orísun mìíràn ni àwọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún tí ń jẹ́ orúkọ yìí lónìí ti wá. Ní gbogbo abúlé tí ẹṣin bá wà, ẹnìkan wà tí ń tọ́jú pátákò rẹ̀, tí ó sì ń fún un ní oògùn. Òun náà ni maréchal abúlé. Láàárín nǹkan bí ọdún 1100 sí 1400, bí ènìyàn ti ń pọ̀ sí i, tí John àti William sì pọ̀ jù ní abúlé kan ṣoṣo, àwọn akọ̀wé ọba àti ti àwọn onílẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi iṣẹ́ ya ènìyàn sọ́tọ̀. Nínú ìwé owó orí tí wọ́n gbà ní ọdún 1377, 1379 àti 1381, irú àwọn orúkọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ pọ̀ lọ súà. Ní ọdún 1538, Thomas Cromwell pàṣẹ fún gbogbo ìjọ pé kí wọ́n máa kọ ìrìbọmi, ìgbéyàwó àti ìsìnkú sílẹ̀. Ní ọdún 1837, ìjọba fúnra rẹ̀ gba iṣẹ́ ìwé ìbí náà. Bí ìwé ti ń pọ̀, bẹ́ẹ̀ ni orúkọ ń dì bí sìmẹ́ńtì. Ọmọ Marshall di alápatà, ọmọ rẹ̀ di akọ̀wé, ṣùgbọ́n Marshall ni wọ́n ṣì ń jẹ́.

Orúkọ náà kò dá wà nínú èyí. Ọ̀pọ̀ orúkọ ńlá ilẹ̀ náà ni ó ti ẹ̀yìn ilé ìdáná ọba wá. Butler ni ẹni tí ń tọ́jú wáìnì. Spencer ni ẹni tí ń pín oúnjẹ láti inú àká. Irú orúkọ yẹn ni ìdílé Diana, ìyá Ọmọọba William, ń jẹ́. Stewart ni alábòójútó ilé. Ní ọdún 1371 ọmọ alábòójútó ilé ọba Scotland gorí ìtẹ́, ní ọdún 1603 àtọmọdọ́mọ rẹ̀ sì jọba lórí Scotland àti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pọ̀. Àwọn ọba wọ̀nyẹn kò yí orúkọ ìránṣẹ́ padà. Orí ìtẹ́ ni wọ́n ti jẹ́ ẹ.

Èyí ni ó gbé mi padà sílé. Ẹnu iṣẹ́ ìwé ìbí ni mo ti lo púpọ̀ nínú ọdún iṣẹ́ mi kí n tó fẹ̀yìntì. Mo rí bí orúkọ ti ń dì lọ́dọ̀ wa. Àwọn akọ̀wé ìgbà àwọn Faransé fi etí Faransé gbọ́ orúkọ Yorùbá. Ọlátúnjí di Olatoundji, Adéṣínà di Adéchina. Lẹ́yìn náà, orúkọ tí ó jẹ́ ti ẹnìkan ṣoṣo, tí a fún un nítorí ọjọ́ tí a bí i tàbí nítorí iṣẹ́ tí ilé rẹ̀ ń ṣe, di orúkọ gbogbo ọmọ àti ọmọ-ọmọ. Kí ìyẹn tó dé, àwa náà ní ọ̀nà tiwa láti fi iṣẹ́ sínú orúkọ. Àyàn ń fi ọmọ onílù hàn, Ọ̀jẹ̀ ń fi ọmọ eléégún hàn, Ọdẹ ń fi ọmọ ọlọ́dẹ hàn. Ohun tí a ní tí Marshall kò ní ni oríkì. Gẹ̀ẹ́sì tí ń jẹ́ Marshall ní láti ṣí ìwé kí ó tó mọ̀ pé ẹṣin wà nínú orúkọ òun. Ní tiwa, ìyá àgbà a máa sọ ọ́ fún ọmọ ní àárọ̀ kùtùkùtù, kí ó tó fún un ní ẹ̀kọ.

Ìlú ẹṣin ni Ṣábẹ nígbà kan rí. Ilẹ̀ wa fẹ̀, koríko rẹ̀ pọ̀, a sì súnmọ́ àwọn Ìbàrìbá, tí àwọn ẹlẹ́ṣin wọn ṣì ń kí ọba ní Nikki lọ́dọọdún ní ọjọ́ ọdún Gaani. Nínú oríkì ilé wa, a ń pe ara wa ní ọmọ ẹni tí ó ń gé koríko kí ẹṣin ọba tó jí. Orúkọ ìdílé wa tí ó wà nínú ìwé ìbí ń tọ́ka sí okùn ẹṣin. N kò ní kọ ọ́ síhìn-ín, nítorí pé kò tíì sí ìṣọ̀kan lórí rẹ̀ láàárín wa. Ní ìpàdé ẹbí tó kọjá, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan tí ń gbé Paris dìde. Ó kúnlẹ̀, ó kí àwọn àgbà, ó wá sọ pé òun àti àwọn mìíràn fẹ́ yí orúkọ náà padà ní kóòtù sí orúkọ tí ó ní "Adé" nínú. Ó ní, "Bàbá, wọ́n ń bi àwọn ọmọ wa léèrè pé ṣé ilé ọba ni wọ́n ti wá. Kí ni kí wọ́n sọ? Pé koríko ni baba ńlá wọn ń gé?"

N kò bínú sí i. Ìtìjú rẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ní ilẹ̀ wa, tí òwò ẹrú ti ba nǹkan jẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ọ̀rọ̀ ẹni tí ó sin ọba àti ẹni tí ó bí ọba máa ń dun ènìyàn. Ó ń dènà ìgbéyàwó, ó ń fa ìjà ilẹ̀, ó ń mú kí àwọn kan rọ ìtàn tí kò ṣẹlẹ̀. Ṣùgbọ́n mo sọ fún un pé ẹni tí ó bá ra "Adé" ní kóòtù kò lè ra oríkì mọ́ ọn. Bí a bá pa orúkọ náà rẹ́ nínú ìwé, ìran méjì péré ni yóò gbà kí ẹnikẹ́ni má mọ ìdí tí oríkì wa fi ń sọ̀rọ̀ koríko. Nígbà náà, a ó di ọmọ ọba tí ààfin kankan kò mọ̀, a ó sì ti sọ ààfin tí ó mọ̀ wá nù. Mo wá sọ ìtàn Marshall fún un, bí mo ti sọ ọ́ fún yín yìí.

Nígbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọbìnrin wa béèrè ìbéèrè kan tí ó dára: "Àwọn ẹrú tí wọ́n kó lọ sí Amẹ́ríkà ńkọ́, tí wọ́n fi orúkọ ọ̀gá pè wọ́n? Ṣé àwọn náà kò gbọ́dọ̀ yí i padà?" Ìbéèrè náà kan àwa náà, nítorí pé àwọn ará Àgùdà tí wọ́n ti Bràsíìlì padà sí Àjàṣẹ́ ń jẹ́ da Silva àti irú orúkọ bẹ́ẹ̀ títí di òní. Mo ní ẹni tí orúkọ kò bá bí nínú ọmọ tirẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti bọ́ ọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rán an létí Marshall méjì ní ilé ẹjọ́ gíga jù lọ ní Amẹ́ríkà. Èkínní, John Marshall, jẹ́ olórí ilé ẹjọ́ náà láti ọdún 1801 títí dé 1835. Ó ní ẹrú. Èkejì ni Thurgood Marshall, àtọmọdọ́mọ àwọn ẹrú, tí a bí ní Baltimore ní ọdún 1908. Ní ọdún 1954, ó gba ẹjọ́ Brown rò, ó sì jàre lórí òfin tí ń ya ọmọ dúdú kúrò ní ilé ẹ̀kọ́ ọmọ funfun. Ní ọdún 1967, ó di adúláwọ̀ àkọ́kọ́ tí ó jókòó sórí àga onídàájọ́ níbẹ̀. Orúkọ tí ó bẹ̀rẹ̀ lọ́wọ́ ẹrú, tí ó gorí ẹṣin lọ́wọ́ àwọn ìjòyè, ó tún padà sí ọ̀dọ̀ ọmọ ẹrú, ó sì di orúkọ ìdájọ́ òdodo. Ẹni tí ń jẹ́ orúkọ ni ó ń fún orúkọ ní ìtumọ̀ tuntun, ìtumọ̀ àtijọ́ kò sì ní láti kú fún un.

Ọ̀rọ̀ ìdílé wa kò tíì parí. Àwọn méjì ṣì fẹ́ lọ sí kóòtù. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ti Paris ní kí a kọ́kọ́ gba oríkì náà sílẹ̀ pátá kí òun tó pinnu, mo sì ka ìyẹn sí ìlọsíwájú. Ìyá wa àgbà kan ṣoṣo ni ó kù tí ó mọ̀ ọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì ti lé ní ẹni ọgọ́rin ọdún.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa. Kí olúkúlùkù lọ wo orúkọ tí ó wà nínú ìwé ìbí rẹ̀. Ẹ kọ ọ́ bí Yorùbá ti ń pè é, pẹ̀lú àmì ohùn, sí ẹ̀gbẹ́ bí Faransé ti kọ ọ́. Ẹ bi àwọn àgbà léèrè iṣẹ́ tí ẹni tí ó kọ́kọ́ jẹ́ ẹ ń ṣe, ibi tí ó ti ń ṣe é, àti ọba tí ó sìn. Bí ó bá jẹ́ pé omi ni ó ń pọn, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ pé àgbàlá ni ó ń gbá, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba oríkì sílẹ̀ láti ẹnu àwọn ìyá, kí ẹ sì fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí akọ̀wé ẹgbẹ́, kí ó lè wà fún àwọn ọmọ tí a kò tíì bí. Ọba kan kì í dá gbé ààfin. Àwọn tí wọ́n gbá a, tí wọ́n dáná níbẹ̀, tí wọ́n sì di okùn ẹṣin mú lẹ́nu ọ̀nà, àwọn náà ni wọ́n ni ìtàn rẹ̀.

Kí Ọlọ́run jẹ́ kí orúkọ wa má parun. Àṣẹ.